ÀLÍMỌ̀TÙ PELEWURA: ÌYÁ ẸLẸ́JA TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

   

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ti obìnrin ni. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Kò mọ ìwé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹja ni ó ń tà. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá ti sọ̀rọ̀ ní Èkó, ìjọba òyìnbó a máa dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí ó ní í sọ. Orúkọ rẹ̀ ni Àlímọ̀tù Pelewura. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ọdún 1951 ni ó sì padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Tí a bá ń ka àwọn obìnrin tí ó ṣe aṣáájú nínú òwò nílẹ̀ Yorùbá, àwọn olówó rẹpẹtẹ ni a sábà máa ń kà ṣíwájú. A ó dárúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú tí ó kú ní 1887. A ó dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní 1874. Òótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyí lówó, wọ́n sì lágbára, ìbọn àti ẹrú wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọlá Pelewura kò sí nínú ohun tí ó wà nínú àpò tirẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin fi ọ̀rọ̀ ara wọn lé e lọ́wọ́, kò sì tà wọ́n. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí bí ẹ ti ń ka ìtàn yìí.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Èkó ni wọ́n bí i sí, Èkó náà ni ó dàgbà sí. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, òun náà sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ìyá ọlọ́jà tí ó wà láàárín wa mọ̀ pé òwò ẹja kò fàyè gba ọ̀lẹ. Aṣọ lè pẹ́ nínú àpótí, èlùbọ́ lè pẹ́ nínú àpò, ṣùgbọ́n ẹja tútù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò ta ẹja gbọ́dọ̀ tètè jí. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye tí ọjà ń lọ lónìí, kí ó mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn àti ẹni tí a kò lè dán an wò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é gbà gbọ́, nítorí apẹja kò ní í gbé ẹrù fún ẹni tí kì í san owó.

Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1900, orúkọ rẹ̀ ti ń hàn láàárín àwọn ọlọ́jà Èkó. Ní 1910, Ọba Èṣùgbàyí Elékò fi í joyè. Nígbà tí ó sì fi di àárín ọdún 1920 sí 1930, òun ni Alága ọjà ẹran Eréko. Ìjọba kọ́ ni ó fi í síbẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà náà fúnra wọn ni wọ́n yàn án, nítorí wọ́n ti rí bí ó ṣe ń parí ìjà, bí ó ṣe ń dúró ti ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, àti bí owó tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa ń pé. Láìpẹ́, Eréko di ọkàn lára àwọn ọjà tí ètò wọn dára jù lọ ní gbogbo Èkó.

Ó yẹ kí a rántí pé ọjà kì í ṣe ibi tí a kàn ń kó ẹrù sí. Ìlú kékeré ni. Àwọn elérú kọ̀ọ̀kan ní olórí tiwọn: ti ẹlẹ́ja lọ́tọ̀, ti aláta lọ́tọ̀, ti aláṣọ lọ́tọ̀. Olórí ni yóò yanjú aáwọ̀, òun ni yóò bójú tó owó ẹgbẹ́, òun ni yóò lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti ẹni tí ó bímọ. Ẹni tí ó bá lè darí irú ibẹ̀ yẹn láìsí ìwà ìbàjẹ́, ó ti kọ́ bí a ṣe ń darí ìlú.

ẸGBẸ́ ÀWỌN OBÌNRIN ỌLỌ́JÀ ÈKÓ

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn olórí ọjà ní Èkó para pọ̀, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó sílẹ̀. Pelewura ni olórí wọn. Ẹni tí ó dúró tì wọ́n ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Nígbà náà, obìnrin kan kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Èkó. Kí wá ni Macaulay ń wá lọ́dọ̀ wọn? Ọ̀pọ̀ èrò àti owó ni. Bí Pelewura bá ránṣẹ́ láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán ọjà gbogbo ti lè tì pa. Macaulay ní tirẹ̀ mọ ìwé kọ sí ìjọba, ó sì mọ òfin. Olúkúlùkù mú ohun tí ó ní wá.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti jà fún Ọba Èṣùgbàyí pẹ̀lú. Ní 1925, ìjọba òyìnbó yọ ọba náà lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọlọ́jà wà nínú àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, títí Elékò fi padà sí Èkó ní 1931. Ní 1932, Pelewura di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú tí ń gba ọba nímọ̀ràn, ó sì jẹ́ ẹnu àwọn obìnrin ọlọ́jà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí dáadáa. Pelewura kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fi àìmọ̀wé ṣe àwáwí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba akọ̀wé tí wọ́n ń san owó oṣù fún láti máa kọ àkọsílẹ̀ wọn pamọ́. Wọ́n gba lọ́yà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀, wọn kì í kàn pariwo lójú títì kí wọ́n sì túká. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, olúkúlùkù wọn á sì tẹ̀ka sí i.

ỌJÀ ERÉKO ÀTI ẸWỌ̀N

Lẹ́yìn ọdún 1930, ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé. Ẹni tí kò bá tíì tajà rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé ibi gbogbo ni a ti lè tajà. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé ibi tí ènìyàn jókòó sí fún ogún ọdún, ibẹ̀ ni oníbàárà mọ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò. Àwọn obìnrin náà kọ̀, wọn kò lọ. Ìjọba kó Pelewura àti díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn obìnrin tí ó kù gbéra, wọ́n ní àfi kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ìjọba sì dá wọn sílẹ̀. Eréko kò ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Títí di òní olónìí, ọjà ń bẹ ní Eréko, ní Erékùṣù Èkó.

OWÓ ORÍ OBÌNRIN

Ní 1929, àwọn obìnrin ìhà ìlà-oòrùn, ní Ábá àti àyíká rẹ̀, ti bá ìjọba jà gidigidi nítorí wọ́n gbọ́ pé wọn yóò san owó orí, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ sì lọ sí i. Ní 1932, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dé Èkó. Pelewura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá ìjọba, ìjọba sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́.

Ìlérí yẹn kò pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1940, nígbà tí ogun Hítílà ń náwó mọ́ àwọn òyìnbó lára, òfin jáde pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n tú jáde. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn agbowó orí, wọ́n lọ sí ilé gómìnà, wọ́n sì pé jọ sí Glover Hall. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ó tẹ̀ka sí i ju 200 lọ.

Ọ̀rọ̀ Pelewura lọ́jọ́ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó ní ogun ti ba ọjà jẹ́, pé obìnrin ni ó ń fi èrè kékeré bọ́ ọmọ, bọ́ ẹbí, tí ó tún ń gbọ́ bùkátà ọkọ tí kò níṣẹ́. Ó sì ní obìnrin tí kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, kò yẹ kí a máa gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn obìnrin ìlú òyìnbó ń san án, ó dá wọn lóhùn pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe owó, Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba Gómìnà Bourdillon gbé £50 náà sókè di £200. Obìnrin tí £200 ń wọlé fún lọ́dún láyé ìgbà náà kò pọ̀. Ẹrù ti kúrò lórí àwọn tí kò lágbára.

GÀÀRÍ ÀTI ỌGỌ́RÙN-ÚN PỌ́N-ÙN

Ìjà tí ó tóbi jù lọ ṣì ń bọ̀. Bí ogun ti ń le, èrò ń ya wọ Èkó, oúnjẹ sì ń wọ́n. Ìjọba yan òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kápútéènì Pullen pé kí ó máa fi iye lé oúnjẹ. Gààrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ìjọba ni yóò sọ iye tí a ó máa tà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe dun àwọn obìnrin. Láti ìlú Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn ni gààrí ti ń wá sí Èkó. Obìnrin yóò san owó fún ẹni tí ó dín in, yóò san owó ọkọ̀, yóò san owó alábàárù. Nígbà tí ó bá dé ọjà, iye tí ìjọba ní kí ó tà á kéré sí iye tí ó ná lé e. Bí ó bá tà á bẹ́ẹ̀, ó jẹ gbèsè. Bí ó bá tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọlọ́pàá dé, ó di ilé ẹjọ́, ó di owó ìtanràn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gààrí pòórá lójú ọjà. Ó di ohun tí a ń tà lábẹ́lẹ̀ ní ọ̀wọ́n gógó. Ìjọba ṣí ibi tí wọn yóò ti máa ta oúnjẹ fúnra wọn, àwọn aráàlú sì ń tò síbẹ̀ láti òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Pelewura sọ fún ìjọba pé àwọn obìnrin ni ó mọ ọ̀nà oko, àwọn ni ó mọ ọ̀nà ọjà, kí wọ́n fi títà oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Pullen rí i pé láìsí obìnrin yìí, ètò òun kò ní í yọrí. Ó wá gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ó fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́, pé kí ó bá ìjọba ṣiṣẹ́, kí ó bá wọn rọ àwọn obìnrin rẹ̀ láti gbà.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ìjọba kan náà ni ó sọ ní 1940 pé obìnrin tí ó ń rí £50 lọ́dún ti tó ẹni tí ń san owó orí. Nísinsìnyí, wọ́n fẹ́ fún obìnrin kan ní ìlọ́po méjì rẹ̀ lóṣù kan ṣoṣo. Lọ́dún, £1,200 ni. Owó tí ó lè kọ́lé ni, owó tí ó lè sọ ẹlẹ́ja di ọlọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ bí ó bá gbà á wẹ́rẹ́. Pelewura kọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí iye owó tí òun yóò gbà láti fi ebi pa àwọn ènìyàn òun.

Ètò Pullen kò pẹ́ lẹ́yìn ogun. Ní 1945, wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ ìjọba kúrò lórí iye oúnjẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ó sì ju oṣù kan lọ. Àwọn ọlọ́jà dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé owó tí òṣìṣẹ́ bá rí gbà, ọjà ni yóò padà wá.

Nígbà tí Pelewura kú ní 1951, èrò tí ó sin ín kò lóǹkà. Ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ní 1950, ni obìnrin Èkó kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú. Ipò tí ó fi sílẹ̀ kò kú. Láti inú ọjà Èkó kan náà ni Alhaja Àbíbátù Mọgàjí ti jáde, tí ó jẹ́ Ìyálọ́jà títí ó fi kú ní 2013.

KÍ NI Ó KÀN WÁ NÍ MABERA?

Ẹnìkan lè sọ pé Èkó ni Èkó, Ṣókótó ni Ṣókótó. A gbà. Àlejò ni wá níbí, a sì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó gbà wá lálejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìyá wa. Gààrí, èlùbọ́, epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó ń gba Jẹ́bà, ó ń gba Kọntagórà àti Yáúrì kọjá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìnira ọ̀nà tí obìnrin Èkó rí nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìyá wa mọ irú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ rù. Ará Òfà ń ṣe tiwọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe tiwọn, ará Ìlọrin ń ṣe tiwọn. Nígbà tí iná jó Ọjà Àárín Gbùngbùn Ṣókótó ní oṣù Kìíní 2021, gbogbo wa rí bí ẹrù ọdún púpọ̀ ṣe lè di eérú láàárín wákàtí díẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, tí kò sì ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi hàn?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa a máa sọ pé kò yẹ kí obìnrin Mùsùlùmí máa ṣe aṣáájú láwùjọ. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n Kàdíjátù, ìyàwó Ànábì wa, oníṣòwò ńlá ni, ẹrù rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ìlú Ṣókótó tí a ń gbé yìí gan-an, Nana Asma'u, ọmọ Ṣéù Usman ɗan Fodio, ẹni tí a bí ní 1793 tí ó sì kú ní 1864, kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní 'Yan Taru, ó yan olórí fún wọn láti abúlé dé abúlé, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kí obìnrin kó ara wọn jọ kì í ṣe ohun àjèjì níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọkùnrin ẹgbẹ́ pẹ̀lú, a kò sì ní í bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́lé kéwú tàbí tún ibi ìpàdé ṣe, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ dá owó? Àwọn ìyá wa ni. Nígbà tí a bá fẹ́ ka ìwé ìṣirò, ta ni ó máa ń jókòó yí tábìlì ká? Àwa ni. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú àpò, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹlẹ́rù kan náà yan olórí kan, láìbèèrè ìlú tí ó ti wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àjọ yín wà ní orí ẹnu nìkan, ẹ ní kí ọmọbìnrin yín tí ó ti kàwé máa kọ ọ́ sílẹ̀. Pelewura ní láti san owó kí ó tó rí akọ̀wé. Ẹ̀yin ti bí akọ̀wé tiyín sínú ilé, bí ẹ kò bá ti mú un kúrò ní ilé ìwé kí ó tó tó àkókò. Ẹni tí ẹ bá sì yàn, kí ó jẹ́ ẹni tí yóò lè wo £100 lójú, kí ó sì ní rárá.

Ẹja ni Àlímọ̀tù Pelewura tà títí ayé rẹ̀. Kò ta àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba forí jì í, kí Ó fi Àlùjánnà ta á lọ́rẹ. Kí Ó fún wa ní irú rẹ̀ ní Mabera, kí Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá dé àárín wa. Àmín.